Igi Ike tí Habeebullah Ń Bomi Rin

Ewúrẹ́ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó já ewé kan lára igi àráàkì àgbà, irú igi tí wọ́n ń gé ṣe orín, tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́yìn ìlú Jeddah, ó jẹ ẹ́ títí, ó pọ̀ ọ́ dànù. Ẹnjiníà Abdulkareem fọwọ́ kan ewé náà. Ike ni! Igi tí baba ńlá àwọn ará àfonífojì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ parí ìjà, ẹnì kan ti gé e lọ, ó gbé ike dípò rẹ̀.

Abdulkareem ló ya àwòrán ilé tí gbogbo ọ̀nà fi yí igi yẹn ká. Ìlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án ni àwọn onílẹ̀ gbà kí wọ́n tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fadl, àgbà wọn, tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ń bomi rin ín?"

"Habeebullah, ọmọ ìlú wa."

"Ó dà?"

"Ó ti sá lọ."

"Bí o ò bá rí i, ìwọ náà á padà sí ìlú rẹ."

Ẹ wá wo ayé! Ike ni ọkùnrin yìí ń bomi rin láràárọ̀, tó tún ń kí i pé ẹ kú ìdúró.

Àwọn ọlọ́pàá ká a mọ́ yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Al-Nuzlah ní Jeddah, ó gba ojú fèrèsé bẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni Aaliyah, ìyàwó ẹnjiníà, gbọ́ pé ẹnì kan ń ta orín fún àwọn arìnrìn-àjò Hájì ní àdúgbò An-Nakkasah, ní Mẹ́kà. Òun náà múra bí Àlàájà, ó lọ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ àti ọlọ́pàá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Àlàájà, orín àráàkì rèé, ojúlówó."

Aaliyah run ún lẹ́nu, ó yínmú. "Ayédèrú ni. Igi ìdáná lẹ gé."

Ojú Habeebullah pọ́n. Ẹ pè é lólè, kò ní bínú, ayédèrú kẹ̀? Ó ṣílẹ̀kùn yàrá kan, ó nawọ́ sí ìtì igi ńlá.

"Igi àwọn ará àfonífojì rèé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gé e."

"Wọn ò rí yín?"

"Ike ni mo fi dí wọn lójú."

"Irọ́ lẹ ń pa."

"Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Àmín," ni Abdulkareem wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá sì so ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó jẹ́wọ́ tán pátápátá. Ó kàn ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pe ọjà òun ní ayédèrú ni.

Fadl mú ẹnjiníà lọ sídìí kùkùté igi tí ike náà ti bò, ó fọwọ́ gbẹ́ iyanrìn.

"Gbòǹgbò ṣì tutù. Á tún hù. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa bomi rin ín."

"Títí dìgbà wo, bàbá?"

"Títí á fi ṣíji bò wá."

Ìgbà yẹn ló yé Abdulkareem pé wọn ò lé òun lọ mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó sunkún ayọ̀, kò sì tijú.