Aṣọ Funfun Nìkan Kò Sọni Di Nọ́ọ̀sì

Gbogbo àdúgbò ló mọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onígbàjámọ̀. Obìnrin tó ni ín ti lé lógójì ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì lẹ́nu: bí oníbàárà bá ní aṣọ òun fún, á ní aṣọ kọ́ ló fún, ara ló ń gbádùn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ ń tọ́jú wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá wo ìyá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, àti bí wọ́n ṣe ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀ kó má baà pá a lórí. Títí ìyá fi dákẹ́, egbò kan ò yọ lára wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọkàn òun ti kúrò nídìí aṣọ, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ kọ́.

Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà, gbé ayùn sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ tó lè bí ni yóò máa bá jókòó ní kíláàsì. Obìnrin náà ní ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Ọkọ rò ó, ó gbà fún un.

Ọ̀nà tí aránṣọ gbà wọ iṣẹ́ náà ni kò dáa. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nítòsí. Ẹni tó ni ín, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà láìmọ ibi tó ti kàwé, sọ fún aránṣọ pé kò nílò ilé-ẹ̀kọ́ kankan, pé oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ òun ti tó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn létí. Ó rán aṣọ funfun fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, ó sì ń dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tí ibà ń ṣe wá. Ọmọ náà ti rù. Dókítà ò sí nílé. Orí fóònù ló ti ní kí aránṣọ gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Kò gún ọmọdé rí. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bàbá ọmọ ń kí i, "Ẹ ṣeun o, Nọ́ọ̀sì," ojú sì tì í. Ó gún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibà ti lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ò lè gbé iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó bá rìn, ìka ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní kò sí nǹkan, yóò lọ fúnra rẹ̀. Aránṣọ ò gbà. Ó bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, obìnrin àgbà kan, yẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà wò, ó sì béèrè ẹni tó fún un lábẹ́rẹ́.

"Èmi ni, mà."

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo lo lọ?"

Aránṣọ ní òun ò lọ ìkankan. Onígbàjámọ̀ yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kọ́ṣẹ́ yìí ni?"

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ò bú u. Ó kàn gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wo ibòmíràn, ìyẹn sì dun obìnrin náà ju èébú lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ọmọ lọ fún ìtọ́jú, aránṣọ ròyìn ara rẹ̀ fún olórí nọ́ọ̀sì, títí dórí bó ṣe tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé òun.

"Jókòó," ni olórí nọ́ọ̀sì wí. "Abẹ́rẹ́ yẹn bá iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀. Àánú wà lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ àánú ò mọ ibi tí iṣan gbà. Ẹ̀kọ́ ló mọ̀ ọ́n."

Ó wá ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ orí kò dí i lọ́wọ́. Kó kọ́kọ́ lọ tún ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe, torí èsì tó ní nígbà èwe kù díẹ̀ káàtó. Kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, kó béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gidi, olùkọ́ á dúró tì í kó tó gún ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ sọ ohun tó mọ̀ fún àwọn aláṣẹ, wọ́n sì ti ilé ìwòsàn Dókítà pa. Ó kàwé, ó fìdí rẹmi, ó tún un kà. Ọkọ rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ. Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ gbà á láyè láti máa bá ọmọ náà na ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe fi hàn wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹsẹ̀ náà sàn púpọ̀, kò sàn tán. Bó bá ti rẹ ọmọ náà, ó ṣì ń wọ́ ọ. Obìnrin náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ wọ iṣẹ́ ìlera, kò tíì pẹ́ jù, a sì nílò yín. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún ẹni tó bá ní ẹ ò nílò ẹ̀kọ́. Ẹ wádìí ilé-ẹ̀kọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ béèrè ibi tí ẹni tó fẹ́ gún ọmọ yín ti kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe àfojúdi. Bí wọ́n bá sì gbé abẹ́rẹ́ lé yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti sọ pé, "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."