Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́

Abẹ́ ọkọ̀ ni Japhet wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Ìbídùnní. Ká kúkú sọ òótọ́, bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Bàtà funfun ni, bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1963 yẹn, kò sí ẹni tó ń wọ bàtà funfun wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Òsí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Búọ̀dá Japhet?”

Ohùn náà dùn débi pé Japhet gbàgbé ibi tó wà, ó gbé orí sókè, irin sì gbá a níwájú orí. Ó rá jáde, ó ń fọwọ́ pa orí. Ó rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

“Èmi ni, Tíṣà.”

Bàbá Ìbídùnní ló rán an wá láti Ìlọ́fà. Bàbá Oyèdìran ti ṣe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ra ọkọ̀ àtijọ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé. Ọkọ̀ náà ń rìn dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, tó yẹ kó máa fẹ́ ooru sí ènìyàn lẹ́sẹ̀, ni kò ṣiṣẹ́. Ọyẹ́ sì ti dé, orúnkún Bàbá àti ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

“Ó ní kò fẹ́ rárá,” ni Ìbídùnní wí.

“Yóò fẹ́,” ni Japhet dáhùn. Kò tíì fojú kan ẹ̀rọ ọ̀hún.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlọ́fà, ó yẹ fíùsì wò. Fíùsì dára. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Ní Sátidé kejì, ó yẹ suíìsì wò. Ní ẹ̀kẹta, ó fi gílóòbù kékeré kan dán wáyà wò, gílóòbù sì tàn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á ti ṣe gbogbo ìyẹn tán kí ẹ̀bà tó tutù, Japhet sì mọṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìbídùnní ló ń gbé omi wá fún un, tó ń jókòó tì í, tó ń béèrè pé kí lèyí, kí nìyẹn. Kó tó di Sátidé kẹta, “Tíṣà” ti di “Ìbídùn mi.” Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sì sí ẹni tí kò rí i.

Japhet tú ẹ̀rọ náà, ó gbé e lọ sí Òsí.

“Mo pè é wá wo ẹ̀rọ, ọmọ mi ló ń wò,” ni Bàbá wí. Ó pe Ṣubúọlá àbúrò rẹ̀, tó ń ná ọjà Òsí. “Bá mi bi Japhet: fífẹ́ ni àbí àìfẹ́? Bó bá jẹ́ àìfẹ́, kó má dé ulé mi mọ́. Ẹlòmíràn ń bẹ̀ mí nítorí Ìbídùnní.”

Nígbà tí Ṣubúọlá dé, Japhet ti fi wáyà méjì so ẹ̀rọ mọ́ bátìrì, ẹ̀rọ sì dákẹ́ lọ gbári.

“Ẹ̀gbọ́n mi rán mi. Ti Ìlọ́fà ńkọ́? Fífẹ́ ni àbí àìfẹ́?”

Japhet kò gbójú sókè. “Àìfẹ́ ni, Màmá. Mo ti gbìyànjú títí, ó sú mi. Ó ti gbó jù, gbogbo inú ẹ̀ ló ti jẹ tán. Ẹ ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀, màá wá òmíràn.”

Ṣubúọlá fọwọ́ bo ẹnu. Kò dágbére tó fi lọ.

“Ó ti gbó?” ni Bàbá ń pariwo nígbà tí Ṣubúọlá jíṣẹ́ fún un ní Ìlọ́fà. “Ọmọ ọdún méjìlélógún!”

Ìbídùnní gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó sì sunkún títí ìrọ̀rí fi tutù.

Japhet kò mọ̀ pé ilé ti ń jó. Ó tún tú ẹ̀rọ wò, ó sì rí i pé èédú kékeré méjì tó ń gbé iná nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n, nìkan ló ti jẹ tán. Ó fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, ó yọ èédú inú rẹ̀, ó gé e sí méjì, ó fi òkúta yún un, ó sì tì í bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yí fìì, ó fẹ́ eruku sí i lójú. Ó fò sókè. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní Ìlọ́fà.

“Bàbá, ẹ bá mi yọ̀! Mo ti rí òmíràn!”

Bàbá na ọ̀pá sókè. “O wá ulé mi wá sọ ọ́? Níbo lo ti rí i?”

“Nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, Bàbá.”

Ọ̀pá dúró lókè.

“Nínú kí ni?”

“Ó kọ́kọ́ tóbi, mo fi òkúta yún un ni. Ó ti ń fẹ́ gan-an báyìí.”

Bàbá wo Ṣubúọlá. Ṣubúọlá ń wo ilẹ̀. Ìbídùnní yọjú lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ wú.

“Japhet, ta ló ti gbó?”

“Kábọ̀n inú ẹ̀rọ ni, Ìbídùn mi. Ta ló tún kù tí yóò gbó?”

Wọ́n là á yé Japhet. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. “Bàbá, ẹ ṣàánú mi! Bí ẹ bá fi í fún ẹlòmíràn, ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn.”

“Dìde,” ni Bàbá wí. “Lọ so ẹ̀rọ mi mọ́ ọkọ̀ ná.”

Lẹ́yìn Àjíǹde, ṣọ́ọ̀ṣì Ìlọ́fà kún. Àlùfáà bi Japhet bóyá yóò fẹ́ obìnrin yìí.

“Mo fẹ́, sà.”

Ṣubúọlá dìde fùú lẹ́yìn. “Ẹ jọ̀ọ́, kó dárúkọ ohun tó fẹ́! Wọn ò ní dá mi lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Japhet yíjú sẹ́yìn, ó tẹríba. “Ìbídùnní ọmọ Oyèdìran ni mo fẹ́, Màmá.”

“Èmi náà fẹ́ ẹ,” ni ìyàwó wí.

“Mi ò tíì bi ọ́, ọmọ mi,” ni àlùfáà wí.

“Ẹ má bínú, sà,” ni Ìbídùnní dáhùn. “Láti ìgbà tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí.”