Orúkọ Méjì Lórí Ilẹ̀ Kan

Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyẹ̀fun ń fa èèkàn tu nínú àgbàlá wọn. Ó di ọ̀kan mú, ó mì ín síwá sẹ́yìn, ó fà á yọ, ó sọ ọ́ lu ògiri. Ó tún kọjú sí òmíràn. Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ ti sá wọ inú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Ta ló ní kí ẹ wá? Ilẹ̀ mi ni! Orúkọ mi wà nínú ìwé rẹ̀!"

"Ẹni tó ra ilẹ̀ ló rán wa," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn. "Ìwọ náà buwọ́ lù ú, ọ̀gbẹ́ni. A rí ìbuwọ́lù rẹ."

Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró. Iṣẹ́ wẹ́dà, jíjó irin pọ̀, ló ń ṣe ní ìlú mìíràn, kò sì wálé láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Kò buwọ́ lu nǹkan kan. Ó yíjú sí ìdí ààrò búrẹ́dì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró níbẹ̀, kò lè gbé ojú sókè.

"Ìwọ ni," ni ó wí.

Ilé búrẹ́dì ni ilé wọn. Bàbá wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò náà. Nígbà tó ra ilẹ̀, orúkọ ọmọ méjèèjì ló ní kí wọ́n kọ sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà lé ìyá wọn jáde bí òun bá kú. Ó kú lóòótọ́. Ìyá wọn ń bá iṣẹ́ lọ. Ọmọbìnrin náà ń po ìyẹ̀fun kó tó lọ sí ilé-ìwé, ó sì ń gbé funfun rẹ̀ wọ kíláàsì nínú irun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyẹ̀fun.

"Ìyẹ̀fun, ṣé o ti wú, àbí ká ṣì dúró?"

Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ó kórìíra orúkọ náà. Nígbà tó yá, ó kórìíra ààrò pẹ̀lú.

Àṣà kan wà nínú ilé náà. Bí ọkọ̀ tó ń kó àpò ìyẹ̀fun bá dé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ló ń buwọ́ lu ìwé, orúkọ yòówù kó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà mọ ìbuwọ́lù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dáadáa ju tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí rí. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín sí i.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn, mọ àṣà yìí. Ó dúró títí ọmọ náà fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì wá nígbà tí ìyá wọn gbé búrẹ́dì jáde lọ tà.

"Ọmọ mi, wo ọwọ́ rẹ bó ṣe yi. Ọwọ́ ọmọge nìyí? Jẹ́ ká ta ilẹ̀ yìí. Mo ti rí ilé kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. O ò ní po ìyẹ̀fun mọ́ láyé."

"Màmá ńkọ́?"

"Ṣé orúkọ ìyá rẹ wà níbẹ̀ ni? Bó bá wọ ilé tuntun, á dúpẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá ò sí nílé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lo máa ń bá a buwọ́ lù ú? Àbí ìyẹ̀fun nìkan lo mọ̀ ọ́n gbà fún un?"

Ọmọbìnrin náà fa ìwé ilẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ nínú àpótí ìyá rẹ̀. Nínú ìwé títà tí Bàbá Kékeré mú wá, ó buwọ́ lu ti ara rẹ̀. Ó buwọ́ lu ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Kékeré gba owó lọ. Ilé tó ń dán kò dé.

"Mo rò pé…" ni Ìyẹ̀fun wí nídìí ààrò, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"O ò rò nǹkan kan!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju èèkàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lo jẹ dàgbà? Ibo ni Màmá fẹ́ lọ?"

Ìyá wọn ti jáde. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà.

"Mo fi ilé sílẹ̀ fún ọ kí o ṣọ́ ọ, o tà á mọ́ mi lórí. Kúrò lójú ọ̀nà. Búrẹ́dì ń jó."

Nígbà tí Ìyẹ̀fun sọ ẹni tó rán an, wọ́n lọ bá Bàbá Kékeré nílé rẹ̀. Kò tijú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ra ilẹ̀. Ó kú, èmi ló kù. Ta ni kó tà á bí kì í bá ṣe èmi?"

"Àbúrò bàbá wa lẹ jẹ́," ni wẹ́dà dáhùn. "Ẹ kì í ṣe onílẹ̀."

Lọ́yà tí wọ́n lọ bá, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìdajì ti ẹ̀gbọ́n ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò buwọ́ lùwé kò tà. Ṣùgbọ́n ó ní láti sọ nílé ẹjọ́ pé ayédèrú ni ìbuwọ́lù náà, yóò sì sọ ẹni tó ṣe é."

"Tèmi ńkọ́, mà?" ni Ìyẹ̀fun bèèrè.

"O ti tó ọjọ́ orí. O mọ̀ pé títà ni. O ti tà á."

Wẹ́dà kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ti àbúrò rẹ̀ sẹ́wọ̀n, bó ti wù kó bínú tó. Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi ni n ó sọ ọ́."

"Ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀," ni lọ́yà wí.

"N ó sọ ọ́."

Ọjọ́ ẹjọ́ bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò àṣejáde rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló lọ. Ó dúró níwájú adájọ́, ó sọ ohun tó ṣe àti ẹni tó rán an. Adájọ́ bú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́wọ́. Wọ́n mú Bàbá Kékeré lọ.

Wọ́n pín ilẹ̀ sí méjì. Yàrá ìyá wọn àti ibi tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí bọ́ sí ìhà ti ẹni tó rà á. Ó wó wọn. Ìyá wọn kó ẹrù rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ààrò.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀ ló lè tà á, ìpín tirẹ̀ nìkan sì ni. Ìbuwọ́lù ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń báni ṣe, ì báà ṣe ti ọmọ ìyá ẹni. Èyí tí èèyàn bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, yóò dè é.

Ìyẹ̀fun yóò tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ìdajì ilẹ̀ ló kù, àti ààrò.