Fọ́tò Ìyá Onígàrí

Ọ̀kadà tó wà nínú fọ́tò náà ò lórí. Ẹ̀bùnolúwa tẹ kámẹ́rà, òmíràn yọ: obìnrin kan tó ń ra ọsàn, ṣùgbọ́n ọsàn nìkan ló hàn, ojú obìnrin náà ṣú bàìbàì. Ogójì fọ́tò ló ti yà káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde láti àárọ̀ Sátidé yẹn, kò sí ẹyọ kan tó ṣeé fi han ènìyàn. Ó bọ́ bàtà, ó wó lé bẹ́ẹ̀dì.

Ó kúkú ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Nígbà tó wà ní JSS 2, kò sí ẹni tó lè gba kámẹ́rà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún ìyá, òun ló ń dáná, òun náà ló ń sáré lọ sílé ìwé. Odidi ọdún mẹ́ta ni kámẹ́rà fi wà nínú àpótí, kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn.

"Ẹ̀bùn, ara mi ti ń le," ni ìyá wí. "Ìwọ náà padà sídìí nǹkan tó ń múnú ẹ dùn."

"Mọ́mì, ọwọ́ mi ti gbàgbé ẹ̀."

"Yóò rántí. Ṣáà máa yà á."

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, olùkọ́ wọn, ti kéde ìpàtẹ àwòrán. Inú oṣù Kẹta yẹn gan-an ni kí wọ́n ti ya fọ́tò, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti yà á àti ọjọ́ rẹ̀ sábẹ́. Èyí tó bá ṣe ipò kìíní ni wọn yóò gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ohun kan ṣoṣo ni Ẹ̀bùn fẹ́ mọ̀ níbẹ̀: ṣé òun ṣì mọ fọ́tò yà?

Bó ṣe ń pa àwọn fọ́tò burúkú náà rẹ́ ló kan ọ̀kan tó ti yà kí àìsàn tó kọlu ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Ayépé ló jókòó sídìí agbada gàrí, èéfín lápá kan, oòrùn lápá kan, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé ò ni lára. Ẹ̀bùn wò ó títí. Ta ni yóò mọ̀? Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó tún jáde lọ. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá onígàrí, Ayépé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta." Àárẹ̀ a máa sọ irọ́ di nǹkan kékeré lójú ẹni.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, òun ló ṣe ipò kìíní. Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí Alhaja Ràmọ́tà, ìyá Haneef ọmọ kíláàsì wọn, dé iwájú fọ́tò náà. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọjọ́ kejìlá oṣù yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà fọwọ́ kan fọ́tò náà. "Yèyé mi rèé! Ọdún méjì rèé tá a ti sin wọ́n. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ wọ́n. Ibo lo ti rí wọn? Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

Ẹnì kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àkúdàáyà!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sún sẹ́yìn. Lóòótọ́, àkúdàáyà kì í gbé ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ẹ̀rù ṣàròyé? Alhaja ti fa fóònù yọ, ó ń wá nọ́ńbà Abdulrauf, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Odogbolu. Ó ní Yèyé ò sùn ní ibojì, àfi kí wọ́n tún ṣe sàráà fún wọn lọ́la.

Ẹ̀bùn mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, fọ́tò òun yóò wà lára ògiri yẹn. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má pè wọ́n, mà. Irọ́ ni mo pa. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti yà á. N ò rí Màmá lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Alhaja jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún títí. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ yìí, o jẹ́ kí n sin ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus yọ fọ́tò náà lára ògiri, ó ní kí Ẹ̀bùn fagi lé ọjọ́ irọ́, kó kọ ti òótọ́. Alhaja gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó jáde láìdágbére.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti Ẹ̀bùn ò pé oṣù kan. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé kámẹ́rà jáde pẹ̀lú àárẹ̀ lára, ó ya fọ́tò mẹ́wàá, mẹ́sàn-án bàjẹ́. Ó kọ ọjọ́ sábẹ́ gbogbo wọn. Ó ti wá yé e pé fọ́tò tó bàjẹ́ ò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ irọ́ tí a rò pé kò kan ẹnì kankan, ẹnì kan wà tí yóò sunkún rẹ̀.