Iṣẹ́ Tí Nusirat Kò Jẹ́

"Tún un sọ," ni Wùmí, ọ̀rẹ́ Nusirat, wí. Ó gun orí táyà àlòkù kan, ó ká ẹsẹ̀ bí adájọ́. "Ṣé ohùn ẹni tí ebi ń pa yìí ni Grace Darling fi gba èèyàn là lójú òkun?"

Nusirat rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọgbà Mùsílíù bàbá rẹ̀ ni wọ́n wà, ní Industrial Area ní Sharjah lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, níbi tó ti ń ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, tó ń kó wọn sí kọ̀ntéénà lọ sí Èkó. Ọdún 1996 ni. Ooru ọ̀sán ń yọ lára irin, òórùn ọ́ìlì sì gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ọ̀la ni ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwé wọn. Olùkọ́ wọn, obìnrin òyìnbó tí wọ́n bí sí etíkun Northumberland lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹni ńlá tó gbé etíkun náà rí. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò bá a lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n bàbá tàbí ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ wà níjòókòó láti fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Nusirat ti mọ àwọn èèyàn náà bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Ó mọ Aidan tó kọ́ ilé àdúrà sí erékùṣù Lindisfarne. Ó mọ Cuthbert tó lọ dá gbé láàrin ẹyẹ òkun. Ṣùgbọ́n Grace ló gba ọkàn rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń bá òbí rẹ̀ gbé inú ilé gogoro tí iná rẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun.

"Nusi, tó o bá débẹ̀, bá mi kí i o," ni Kọ́lá, òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń tú ẹ́ńjìnnì, pariwo. "Sọ fún un pé mò ń wá ìyàwó."

"Ó ti kú tipẹ́, Bọ̀dá Kọ́lá!"

"Ṣé gbogbo àwọn tó dáa ló ti kú ni? Yalla, ó yá, ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì yín lọ."

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni fóònù dún nínú ọ́fíìsì kékeré. Nusirat sáré gbé e.

"Nusirat? Èmi Àǹtí Asiat ni, láti Ìṣẹ́yìn. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n lọ sí Deira, ní Dubai."

"Gbọ́ mi dáadáa kó tó já. Ara Ìyá ò yá. Wọn ò bèèrè nǹkan kan ju ohùn bàbá ẹ lọ. A ti gbé wọn wá sílé Alájì Ògúnjọbí, wọ́n jókòó ti fóònù. Bàbá ẹ mọ nọ́ńbà ibí. Kí wọ́n pè lónìí, o gbọ́? Bí wọ́n bá ṣe ń wọlé ni kó o sọ fún wọn."

"Mo gbọ́, mà."

Ó já. Nusirat gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, irú ìròyìn yìí kan náà ni Àǹtí Asiat, àbúrò bàbá rẹ̀, fi ránṣẹ́ nípa Ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Mùsílíù ti ọgbà pa lọ́jọ́ náà, ó fa Nusirat lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, torí Ganiat ìyá Nusirat wà ní Èkó níbi tó ti ń ta ọjà, kò sì sẹ́ni tí wọ́n máa fi í tì. Kò lè ṣe ìdánwò ilé ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, Ìyá ni wọ́n bá níta, tó ń bó ẹ̀pà jẹ.

Ó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Wùmí.

"Ẹ̀pà tún ti délẹ̀ nìyẹn," ni Wùmí wí. "Nusi, tó o bá sọ fún Dádì ẹ, ọ̀la ti bàjẹ́. Sọ ọ́ tá a bá ṣe tán lọ́la. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàrin òní sí ọ̀la?"

"Ṣùgbọ́n Ìyá ń dúró."

"Wọ́n á sùn, wọ́n á jí. Khalas, ó parí."

Ẹ gbọ́, Nusirat kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó fẹ́ràn ìyá bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọ̀la yẹn ju ohunkóhun lọ.

Nígbà tí Mùsílíù wọlé, ó mú bàtà tuntun dání fún un. "Ta ló pè mí?" ló bèèrè, bó ti máa ń bèèrè.

Nusirat tẹjú mọ́ bàtà náà. "Kò sẹ́nì kankan, Dádì."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún fọ́fọ́. Nusirat sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oyin sí lẹ́nu. Ó dé ibi tí Grace ti yọjú lójú fèrèsé láàárọ̀, tó rí àwọn èèyàn lórí àpáta tí ọkọ̀ wọn fọ́ sí. "Kò dúró," ló wí. "Ó lọ pe bàbá rẹ̀..." Ó wo Mùsílíù láàrin èrò, ọ̀rọ̀ sì dúró. Ó wá sọ bí bàbá àtọmọ ṣe jọ wa ọkọ̀ lọ nínú ìjì. Àwọn èèyàn rò pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ dákẹ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Òun ló gbégbá orókè. Mùsílíù fọwọ́ síwèé, ó dì mọ́ ọn lójú gbogbo ayé. "Àbẹ̀kẹ́ mi! Ìyá mi gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bá a bá ti dé ọgbà, a máa pè wọ́n."

Nusirat yọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Dádì, Àǹtí Asiat pè lánàá. Wọ́n ní ara Ìyá ò yá, kí ẹ pè."

Mùsílíù fà á wọ mọ́tò. Wọ́n dé ọgbà, ó pe ilé Alájì. Asiat ló gbé fóònù lọ́hùn-ún, igbe rẹ̀ sì kún ọ́fíìsì náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti sin Ìyá láàárọ̀! A ní kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀, wọ́n kọ̀. Tí fóònù Alájì bá ti dún, wọ́n á nawọ́, wọ́n á ní Mùsílíù ni. Orí àga yẹn ni wọ́n kú sí. Kí la ṣe fún yín tẹ́ ẹ ò fi pè?"

Mùsílíù wo Nusirat.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Ọwọ́ mi ló dí."

Wọ́n lọ sí Ìṣẹ́yìn fún fìdáù. Gbogbo ẹbí yẹra fún Mùsílíù. Asiat ò jẹ́ kó jókòó ti òun. "Dubai ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá mi," ló ń wí, káwọn àlejò lè gbọ́. "Ọwọ́ wọn dí!" Mùsílíù dorí kodò, kò gbèjà ara rẹ̀.

Nusirat dìde. Bàbá rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀. "Jókòó. Wọ́n á máa fi bú ẹ títí wàá fi lọ́kọ."

Kò jókòó. "Àǹtí, iṣẹ́ yín ò dé ọ̀dọ̀ Dádì," ló wí. "Èmi ni mi ò jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ lọ sí ìdíje."

Asiat wò ó, kò bú u, kò nà án. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé orí lé e léjìká. Àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọdé. Nusirat dúró láàrin ilé, kò mọ ibi tó máa jókòó sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ rán yín sí ẹnì kan, ti ẹni náà ni. Kì í ṣe tiyín láti fi pamọ́ dọ̀la, torí ẹni tó rán yín lè má ní ọ̀la. Òótọ́ tí Nusirat sọ dá orúkọ bàbá rẹ̀ padà fún un. Kò dá Ìyá padà.