Ta Ló Yí Àdììtú Wai-Fai Ilé Ìwòsàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí nọ́ọ̀sì tó láyà láti fún ọmọdé kankan lóògùn. Àkọsílẹ̀ oògùn wọn ti pòórá lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ìyá gbé ọmọ mọ́ àyà, wọ́n ń wo ẹnu dókítà àgbà.

Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Má-kánjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fi àpótí wai-fai tó wà lára ògiri hàn án.

"Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti ń dá a padà. Àmọ́ ẹnì kan ti yí ètò ẹ̀rọ yìí. Mo ṣe é kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tiẹ̀ wọlé, mo sì fi àdììtú tuntun tó le, kọ́ọ̀dù tí àjèjì ò lè kà, bo ohun gbogbo. Wọ́n ti sọ ọ́ di àdììtú àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìwọlé kan fún gbogbo ayé. Olè tó gbọ́n díẹ̀ á já a."

"Orúkọ ta ni wọ́n fi yí i?"

"Tèmi."

Dókítà mi orí. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ máa mú un lọ."

"Kí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ?" Má-kánjú bi í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀. "Oríkì tí wọ́n ń kì mí ní kékeré."

"Ta ló ń kì ọ́?"

"Ọ̀gá, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ máa mú mi lọ."

Má-kánjú ò mú un. Ó wọ wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, ó ń kí wọn, ó ń wo fóònù wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, olórí nọ́ọ̀sì onírun funfun ń ká aṣọ ibùsùn kan. Fóònù ògbólógbòó kan wà níbẹ̀.

"Ta ló ni í, Màmá?"

"Baba kan ni. Ó dákẹ́ láná." Ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà.

Nírọ̀lẹ́, Má-kánjú pe dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti olórí nọ́ọ̀sì jọ.

"Ẹni tó pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ti wà lágọ̀ọ́ wa. Ará ìta ni, àdììtú àtijọ́ yẹn ló já wọlé, ó ń jí orúkọ aláìsàn tà. Àmọ́ kì í ṣe òun ló yí ètò. Olè kì í pààrọ̀ àgádágodo kó tún tì í padà. Ẹni tó yí i ṣì fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì, ó kàn fẹ́ àdììtú tí fóònù àtijọ́ gbọ́. Ẹyọ kan irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni mo rí. Ọmọ yìí sì fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹni tó tọ́ ọ. Màmá, ta ló ń kì í?"

"Èmi ni." Ohùn olórí nọ́ọ̀sì ò gbọ̀n. "Ìyá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó kú nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tó ń ṣètò ẹ̀rọ náà. Baba yẹn fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Kò gbà kí n fi fóònù mi pè é, ó ní nọ́ńbà òun nìkan lọmọ òun mọ̀. Ó rí i. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dá ètò náà padà, ikú baba gbé ọkàn mi lọ. Ẹ̀bi mi ni, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀.

"Màá kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe," Má-kánjú ní, "màá sì kọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀ ti olórí nọ́ọ̀sì. "Màmá, ẹ̀ bá ti pè mí. Ǹ bá la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún fóònù baba, tí ò ní kan fáìlì kankan."

Olórí nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Ṣùgbọ́n o máa ní ó di ọ̀la, ọmọ mi. Baba ò sì ní ọ̀la."