Kíndìnrín Eku Tí Kò Tàn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ìlú Uppsala, ní Sweden, wọ́n ṣí fìríìjì yàrá ìwádìí, àyè ìgò ni wọ́n bá, wọn ò bá ìgò. Purotéènì kékeré tí Disa Norrby, ọ̀dọ́ olùwádìí ibẹ̀, fi ọdún méje tò pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gún un sára, á lọ lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó jẹjẹrẹ, á sì mú un tàn yòò nínú àwòrán. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn ò rí i, wọn á lé Disa lẹ́nu iṣẹ́.

Inspẹ́kítọ̀ Brandell, ọlọ́pàá tí wọ́n pè, wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Hallonquist, ọ̀gá yàrá ìwádìí náà, bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀.

"Disa fúnra rẹ̀ ló gbé e pamọ́!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pariwo. "Mo dán an wò lára eku lánàá, kò níláárí. Àwòrán rẹ̀ nìyí! Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a."

Brandell pe Disa sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Báwo ni purotéènì rẹ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀gá rẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Tiwọn tóbi, sà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ ló sì ń kó sí. Tèmi kéré. Láàárín wákàtí kan, kíndìnrín á ti sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa ń tàn jù lọ."

Brandell padà wọlé, ó gbé àwòrán sókè. "Ẹ̀dọ̀ ń tàn bí àtùpà, kíndìnrín ṣókùnkùn. Kí ló ṣe eku yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Bóyá... bóyá ara rẹ̀ kò yá."

"Ẹ ṣé o, dókítà eku! Ó dáa, a ti rí ìgò náà nínú pàǹtírí. Òpè olè yẹn ti jẹ́ kó bàjẹ́. Ọmọ jẹ́léósinmi á tọ́jú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n pọ́n kankan. "Ta ni òpè? Inú yìnyín ló wà nílé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja! Kò sí ohun tó ṣe é!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"A ò rí nǹkan kan," ni Brandell wí. Ó ti gbàgbé láti máa pè é ní ẹ̀yin. "Purotéènì ńlá rẹ àtijọ́ ló wà nínú àwòrán yìí. O ò dán ti ọmọ yìí wò rárá, torí o mọ̀ pé bó bá tàn, tìrẹ kú. O jalè, o di ẹ̀bi ru ọmọ olọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ ò jẹ́ kí o gbà kí á pè ọ́ ní olè tí kò mọ iṣẹ́."

Disa ti wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ń lọ gbé ìgò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bẹ̀bẹ̀, "ẹ má jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mi rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí ẹ fi dè mí lọ́wọ́ yìí."

"Aago mẹ́wàá ti lù, wọ́n wà nídìí kọfí. Ta ló fẹ́ dìde nítorí tìrẹ?"

Wọ́n mú un kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọfí. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbójú sókè. Ṣúgà ló ń wá.